Oyin Dára, Ṣùgbọ́n Ojú Kì Í Ṣe Egbò Ẹsẹ̀

Àsìkò ìkórè àgbàdo ni irú rẹ̀ máa ń wọ́pọ̀. Ewé gbígbẹ á ya àgbẹ̀ kan lójú lóko ẹ̀yìn Lálúpọn tàbí Àkànrán, omi á máa dà, ojú á pọ́n. Kó tó wálé tán, wọ́n ti gbé ìgò oyin jáde. Oyin ọ̀hún a máa ta lójú gan-an, àwọn àgbà a sì ní títa yẹn gan-an ni oògùn.

Wọn ò kúkú parọ́ tán. Oyin ń pa kòkòrò: ó kan, omi inú rẹ̀ kì í sábà ju ìdá 20 nínú 100 lọ, bí omi ara bá sì kàn án, ó ń mú hydrogen peroxide jáde, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fọ egbò. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ṣe oògùn ojú. Ní Ọsirélíà lónìí, wọ́n ń ta oyin mánúkà tí a ń kán sójú fún ojú gbígbẹ, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ti pa gbogbo kòkòrò inú tiẹ̀ kó tó dé ọjà.

Ti ẹ̀bá títì Mọ́níyà ńkọ́? Ẹ gbé ìgò náà sí oòrùn: ìyẹ́ oyin kan léfòó, èérún ìda wà nísàlẹ̀, ìgò ọtí àná ni wọ́n rọ ọ́ sí. Ẹni tó ń tà á ń búra pé oyin ìgàn ni. (Ti ẹlòmíràn, ṣúgà sísè lásán ni.) Kí àgbàlagbà fi mu ẹ̀kọ, kò burú; kí wọ́n kán an sójú ni kò dára.

Awọ tó mọ́ gaara bíi dígí níwájú ẹyinjú kò nípọn tó mìlímítà kan, kò sì ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ewé bá ya á, kòkòrò irú èyí tó ń mú búrẹ́dì bu lè bá ewé wọlé. Oògùn kíkán tí wọ́n sábà ń tà ní kẹ́míìsì kì í pa irú èyí, àwọn kan tilẹ̀ ń bọ́ ọ ni. Ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n fi ń kán oyin ni àmì funfun tó yọ lójú fi ń tóbi sí i.

Ọ̀nà ilé ìwòsàn jìn, owó ọkọ̀ wọ́n, ó yéni. UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn, ti wà láti ọdún 1957, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni àgbẹ̀ Ọ̀nà-Àrà á ti rí ẹni tó máa yẹ ojú rẹ̀ wò. Ìwé pélébé aláwọ̀ ọsàn àti tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n fi ń rí ibi tó ya, kì í ṣe ohun tó yẹ kó wọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú tàbí Ẹgbẹ́dá.

Bí oògùn apakoríko bá ta síni lójú, omi tó mọ́ ni kí wọ́n máa dà sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó kéré tán ìṣẹ́jú 15. Bí igi bá gún ojú, kí wọ́n má fà á yọ, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́. Ìdí ife oníke tí wọ́n gé, tí wọ́n fi bò ó láìkan ẹyinjú, ti tó títí dé ọ̀dọ̀ dókítà.