Iná Ti Ní Band, Ìgbà Wo Ni Ilé Máa Ní Tirẹ̀?

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, tí àjọ NERC ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A kúrò ní nǹkan bí 68 náírà sí 225 náírà fún yúnìtì kan, ìbéèrè kan ti di ti gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá yàrá níta ọgbà: "Band wo lẹ wà níbí?" Owó náà ti lọ sókè sódò díẹ̀ látìgbà náà, síbẹ̀ ó ṣì lé ní 200 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. A mọ̀ pé ó yẹ kí Band A rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán, àti pé wákàtí 4 péré ni wọ́n ṣèlérí fún Band E.

Ìbéèrè tó dára ni, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ó ń sọ iye iná tó máa wọlé fún wa, kò sọ iye tí ilé náà máa mú ká jẹ. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí ilé tí wọ́n fẹ́ fi gba rẹ́ǹtì ní lẹ́tà tirẹ̀, kí ayálégbé sì rí i kí ó tó sanwó.

Ẹ jẹ́ ká wo yàrá méjì tí rẹ́ǹtì wọn dọ́gba. Àkọ́kọ́ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, páànù rẹ̀ kò sì ní síìlìnnì gidi lábẹ́. Èkejì ní fèrèsé ní ìhà méjì, igi ṣíji bò ó, síìlìnnì rẹ̀ sì dára. Nínú yàrá kejì, fáànù oní-wáàtì 75 tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12 kò tíì jẹ yúnìtì kan. Nínú yàrá àkọ́kọ́, ooru ni fáànù ń fẹ́ síni lára, ẹni tí agbára rẹ̀ bá sì ká a á lọ ra AC. AC tó ń jẹ wáàtì 1,000 fún wákàtí 6 lálẹ́ á jẹ yúnìtì 6. Bí yúnìtì kan bá jẹ́ 200 náírà, 1,200 náírà nìyẹn lóru kan, 36,000 náírà lóṣù. Ẹni tí kò lágbára AC ńkọ́? Á máa làágùn dìde sùn ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Rẹ́ǹtì wọn dọ́gba lóòótọ́, àmọ́ owó wọn kò dọ́gba rárá.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ bí tibẹ̀ ṣe rí. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní EPC ní England àti Wales. Lẹ́tà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti A dé G, ó sì ń lò tó ọdún 10. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2018, onílé tí ilé rẹ̀ kò bá dé E kò lè gba ayálégbé tuntun, àfi tí òfin bá yọ̀ǹda fún un. Ní Jámánì náà, onílé gbọ́dọ̀ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ han ẹni tó wá wo ilé. Kì í ṣe pé tiwọn pé tán. Ara ilé ni wọ́n fi ń ṣírò EPC, kì í ṣe owó iná tí wọ́n san gan-an, àwọn èèyàn sì ń ráhùn sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òtútù ni wọ́n ń bá jà. Oòrùn ni tiwa. Tí a bá da tiwọn kọ, a ó kàn máa wọn ohun tí kò dùn wá ni.

Ohun tó yẹ ká wọ̀n kò ṣàjèjì sí wa. Ògiri amọ̀ tó nípọn àti àgbàlá àárín agbo ilé mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew ń ya àwòrán Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n fi kọnkéré oníhò ṣe ọ̀pọ̀ ògiri kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá. Ní Ifẹ̀, Arieh Sharon mú kí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí ó lè ṣíji bò ó. Àwọn tó kọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì yí ọgbà ká lẹ́yìn wọn ló gbàgbé ọgbọ́n yìí.

Òfin kúkú wà. Ní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà BEEC jáde, tó sọ̀rọ̀ nípa fèrèsé, òrùlé, gílóòbù àti AC. Àmọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń fọwọ́ sí àwòrán ilé. Bí wọn kò bá sọ ọ́ di tiwọn, inú ìwé náà ló máa wà.

Àwọn kan á ní àwọn onílé á fi lẹ́tà yìí gbé owó lérí. Wọ́n ti ń fi Band A gbé e lérí báyìí, láìjẹ́ pé wọ́n fi ìṣó kan kún ilé náà. Lẹ́tà á fún ayálégbé lẹ́nu láti dúnàá dúrà: "Ilé yín kò kọjá D, ẹ yọ nǹkan kúrò níbẹ̀." Àwọn mìíràn á ní wọn á máa ra ìwé ẹ̀rí náà ni. Òótọ́ ni, ìlú wa la wà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ohun tí wọ́n fi dá lẹ́tà náà wà nínú ìwé kan náà: iye fèrèsé, ibi tí yàrá kọjú sí, síìlìnnì, òjìji. Irọ́ tí ojú lè já lẹ́nu ọ̀nà kì í pẹ́ láyé.

Kò dìgbà tí Abuja bá fọwọ́ sí i. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa bá àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ àwòrán ilé sọ̀rọ̀, kí wọ́n jọ wo àwọn họ́sítẹ́ẹ̀lì yí ọgbà ká, kí wọ́n kọ ojú ewé kan péré nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì jáde kí sáà tuntun tó wọlé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí àwòrán ilé, ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ BEEC sórí tábìlì. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti kọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì tiyín, ẹ kọ́kọ́ lẹ lẹ́tà mọ́ ẹnu ọ̀nà yín. Ẹni tó fẹ́ ra iṣu ní ẹ̀tọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó fẹ́ san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ẹ̀tọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.