Ìsinmi Kì Í Ṣe Ti Ẹni Tí Ó Ń Fò Nìkan

 

Ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní gáréèjì Òwòdé ní Sátidé kan ni ó mú mi kọ ìwé yìí. A ń dúró de èrò ni ọkọ̀ òfurufú kékeré kan kọjá lókè orí wa. Awakọ̀ kan gbójú sókè, ó ní, "Olówó ń lọ sinmi." Kọ̀ńdọ̀ rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí á máa pe Ògbómọ̀ṣọ́ wa lọ jàre. Ìsinmi tiwa di ọ̀run." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ mi nínú mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ẹni tí ó sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì gbéyàwó. Bí ọmọ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ bá ti gbà lọ́kàn pé inú ibojì ni òun yóò ti sinmi, a jẹ́ pé àwa àgbà ẹgbẹ́ kò tíì ṣe iṣẹ́ wa bí iṣẹ́.

Nítorí náà ni mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àwọn tí ń fi ọkọ̀ òfurufú ṣe fàájì ní òpin ọ̀sẹ̀. N kò sọ ọ́ kí á lè máa ṣe ìlara ẹnikẹ́ni. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan àwa tí à ń rìn nílẹ̀.

Ní ìlú àwọn òyìnbó, ẹgbẹ́ àwọn tí ń fò fún ìgbádùn kì í ṣe ohun tuntun. Bí ẹ bá wo ètò wọn dáadáa, ẹ óò rí i pé kò jìnnà sí alájẹṣẹ́kù tiwa. Ogún ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò dá owó jọ, wọn yóò fi ra ọkọ̀ òfurufú kékeré kan tí ó gba ènìyàn méjì tàbí mẹ́rin. Olúkúlùkù yóò máa san owó oṣù, yóò sì san owó wákàtí tí ó bá fi fò. Bí Sátidé bá dé, ẹni tí ó kàn yóò gbé ọkọ̀, yóò mú ìyàwó rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọn yóò fò lọ sí ìlú kan létí òkun, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, wọn yóò sùn, wọn yóò sì padà wálé lọ́jọ́ Àìkú. Kí ènìyàn tó gba ìwé àṣẹ irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti fò tó wákàtí 40 ó kéré tán, dókítà sì gbọ́dọ̀ ti yẹ ara rẹ̀ wò. Ìwé àṣẹ náà dà bí nọ́ńbà aláwọ̀ búlúù tí à ń rí lára mọ́tò aládàáni. Ó lè gbé ara rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi í gbé èrò kí ó fi pawó.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn ọmọ ọlọ́lá nìkan ni ó dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Ní 1931, àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú Lọ́ńdọ̀nù dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti máa fò. Ènìyàn bí i tiwa ni wọ́n, àwọn tí ń jí ní kùtùkùtù láti lọ gbé bọ́ọ̀sì jáde. Ẹgbẹ́ náà kò kú bọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ó ṣì ń fò láti pápá Fairoaks ní agbègbè Surrey. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n rékọjá sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ogun náà wà lára àwọn tí ó ṣe kọ̀ńdọ̀ àti awakọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ìlú yẹn. Nígbà tí ó sì di 1938, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi owó ran irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní Civil Air Guard, tí ó fi jẹ́ pé ẹlòmíràn lè kọ́ bí a ti ń fò ní ṣílè méjì àti sísì fún wákàtí kan. Kì í kúkú ṣe pé ìjọba náà fẹ́ràn tálákà. Ogun ni ó ń rí níwájú, ó sì mọ̀ pé òun yóò nílò awakọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọjá sí ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà 1936, àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì jókòó sínú ilé iṣẹ́ wọn, wọn kò jáde. Ìjọba tuntun tí Léon Blum jẹ́ olórí rẹ̀ fi òfin fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún láti fi sinmi pẹ̀lú owó iṣẹ́ wọn, ó sì dín iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kù sí wákàtí 40. Ní ọdún yẹn kan náà ni Pierre Cot, tí ó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òfurufú, dá ètò kan sílẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní baba ìsàlẹ̀ náà lè kọ́ bí a ti ń fò. Ẹ ṣàkíyèsí bí ó ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ìsinmi ni òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ jà fún. Ẹni tí kò ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀, bí a tilẹ̀ ta á ní ọkọ̀ òfurufú lọ́rẹ, ìgbà wo ni yóò rí àyè gùn ún?

Ní tòsí wa níhìn-ín pẹ̀lú, a rí irú rẹ̀ ní Gánà. Ní 1962, ààrẹ Kwame Nkrumah ké sí obìnrin awakọ̀ òfurufú kan láti Jámánì, Hanna Reitsch, pé kí ó wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Gánà bí a ti ń fò nínú ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, èyí tí afẹ́fẹ́ nìkan ń gbé. Obìnrin yìí ti fò fún ìjọba Hitler rí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì gbàgbé èyí fún un. Afienya, nítòsí Tema, ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Àwọn bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ṣòwò ní Gánà, kí òfin ìjọba Busia tó lé wọn wálé ní 1969, wà ní orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì 1966, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah, Reitsch náà sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Ohun tí ìjọba bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé fúnni, ọwọ́ òsì lè gbà á padà. Èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì fi owó ara wọn kó jọ ni ó pẹ́.

Nílé wa ńkọ́? Pápákọ̀ òfurufú ìpínlẹ̀ wa wà ní Alákíà ní Ìbàdàn, orúkọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó sì ń jẹ́, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá. Ní ọjọ́ Jimọ̀, 3 oṣù kọkànlá 2023, ọkọ̀ òfurufú aládàáni kan tí ó gbé Adébáyọ̀ Adélabú, tí ó jẹ́ mínísítà iná mànàmáná nígbà náà, ń balẹ̀ ní pápá yìí ni ó yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ wọ inú igbó. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí kankan kò lọ sí i. Ní 2024, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú dá ìwé àṣẹ àwọn ọlọ́kọ̀ aládàáni mẹ́wàá dúró lórí ọ̀rọ̀ fífi ọkọ̀ aládàáni gbé èrò gba owó. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ orúkọ tí à ń pe èyí. Kabúkabú ni. Kabúkabú ń bẹ lójú òfurufú náà!

Ẹ kò sì ní gbàgbé Danbaba Suntai, gómìnà ìpínlẹ̀ Taraba. Ní 25 oṣù kẹwàá 2012, tí Iléyá ku ọ̀la, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wa ọkọ̀ òfurufú Cessna kan lọ sí Yola nígbà tí ó já lulẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́ níbẹ̀, ti àwọn tí ó gbé kò sì bọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò padà sí bí ó ti wà mọ́ títí ó fi kú ní 2017. N kò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ohun ìbànújẹ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé àwọn tí ń ṣe òfin lé wa lórí ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà lọ sí ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹni tí ó ń fò kọjá kì í mọ kòtò tí ó wà lójú títì. Ọ̀nà oníbejì láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò ju nǹkan bí kìlómítà 52 lọ, ti gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ lọ́wọ́ ìjọba. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà náà ni gbogbo wọn ń gbà lọ sinmi lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n ń pàdé tírélà ní ojú ibi tí ó há, ṣé iṣẹ́ náà ì bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Wàyí o, kí ni òfin sọ nípa ìsinmi tiwa? Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1974 sọ pé òṣìṣẹ́ tí ó bá ti lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ 6 ó kéré tán láti fi sinmi, pẹ̀lú owó rẹ̀ ní pípé. Ó sọ pẹ̀lú pé nínú ọjọ́ 7, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ kan láti fi sinmi, wákàtí 24 gbáko. Àwọn ará Faransé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan gba ọjọ́ iṣẹ́ 12 ní 1936. Ìdajì rẹ̀ ni tiwa, ogójì ọdún ó dín méjì lẹ́yìn wọn. Àdéhùn tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe ní 1970 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó yẹ. Síbẹ̀síbẹ̀, ọjọ́ 6 yìí gan-an, àwọn wo nínú wa ni ó ń gbà á? Awakọ̀ tí mo mọ̀, ọjọ́ tí mọ́tò rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì nìkan ni ó ń sinmi, kò sì ní sinmi náà, nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ óò fi dá mi lóhùn. Ẹ óò ní, "Ọjọ́ tí n kò bá jáde, kí ni àwọn ọmọ yóò jẹ? Ọlọ́kọ̀ ń retí owó rẹ̀ lálẹ́." Òótọ́ ni, n kò sì lè jiyàn rẹ̀. Ebi kò mọ Sátidé. Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe irin, irin pàápàá ń rẹ̀. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, ọ̀gá ń dá a dúró láti fi ọ́ìlì sí i. Mọ́tò, ẹ ń gbé e lọ fún sáfíìsì. Èwo ni ti ènìyàn? Awakọ̀ tí oorun bá gbé lọ lórí sítíárìn kò pa owó wálé fún ọmọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì ní pa á wálé mọ́ láéláé. Àwọn èrò tí ó gbé náà ní ọmọ nílé.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa gbé wò ní ìpàdé tí ń bọ̀. Èkíní, kí á kọ orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tí kì í fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọdọọdún sílẹ̀, kí àwọn olórí wa sì tọ̀ wọ́n lọ pẹ̀lú ìwé òfin lọ́wọ́. Èkejì, kí àwọn awakọ̀ fúnra wọn fohùn ṣọ̀kan lórí ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tí olúkúlùkù kò ní jáde, kí á pín in káàkiri kí gáréèjì má baà ṣófo, kí á sì bá àwọn ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀ pọ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá dá a ṣe, ọlọ́kọ̀ yóò gba mọ́tò rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí gbogbo wa bá ṣe é, ta ni yóò gbà á fún?

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó fà mí lọ́kàn jù. Kí á dá èésú kan sílẹ̀ fún ìsinmi, yàtọ̀ sí ti ìsìnkú àti ti ìkómọ. A kò ní fi ra ọkọ̀ òfurufú. Bọ́ọ̀sì ni a ní, awakọ̀ ni a sì jẹ́. Ọgbà ìjọba ti Ọ̀yọ́ Ilé ni orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà níhìn-ín ní Ìsọ̀kùn, ẹ̀yin mélòó ni ó ti fi ojú kan àwọn ẹranko inú rẹ̀ rí? Òkè Àdó-Àwáyé wà lọ́nà Ìṣẹ́yìn, pẹ̀lú odò Ìyàkẹ́ tí ó dúró sórí rẹ̀. Olúmirin ń dà gìrìrì ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Èrò ìlú òkèèrè ń wá wò wọ́n, àwa tí à ń gbé wọn lọ kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Bí a bá ń dá owó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, ní ìgbà méjì lọ́dún a lè kó ìyàwó, ọkọ àti ọmọ wa lọ síbẹ̀, kí á se ìrẹsì, kí á lu ìlù, kí á padà wálé ní ìrọ̀lẹ́.

Mo fẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin kọ̀ńdọ̀ yẹn wà nínú bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Mo fẹ́ kí ó gun òkè Àdó, kí ó dúró, kí ó wo ojú ọ̀nà láti òkè fún ìgbà kan láyé rẹ̀, láìpe èrò kankan.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.