Sítẹ́ǹtì Kò Ní Kí A Sá fún Iṣẹ́ Abẹ

Kò sí àní-àní pé ìtura ńlá ni sítẹ́ǹtì jẹ́ fún ẹni tí jẹjẹrẹ dí ìfun ńlá rẹ̀. Páìpù kékeré tí a fi wáyà hun ni. Oníṣègùn a fún un pọ̀ tín-ín-rín, a sì fi ẹ̀rọ gígùn tó ní iná àti awò lẹ́nu tì í gba ihò ìdí wọlé, títí yóò fi wọ àárín kókó tó dínà. Bí ó bá ti tú u sílẹ̀, yóò fẹ̀ fúnra rẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ìgbẹ́ yóò sì rí ọ̀nà jáde láìjẹ́ pé a la ikùn.

Bí ó ti wù kí ó rí, sítẹ́ǹtì kò wo jẹjẹrẹ. Ẹni tí a ṣì lè gé kókó náà kúrò lára rẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ni ó fún un kí ara rẹ̀ lè gba iṣẹ́ abẹ. Ó sì lè yẹ̀ kúrò níbi tí a fi í sí, tàbí kí ó lu ìfun.

Ní Ìlú Ọba, láàárín ọdún 2009 sí 2014, a dán an wò lára àwọn aláìsàn 245. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2022. Nínú àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún lójú ẹsẹ̀, bí 7 nínú 10 ni a ṣí ẹnu ìfun wọn sí ara ikùn, kí ìgbẹ́ máa bọ́ sínú àpò. Bí 5 nínú 10 ni láàárín àwọn tí a kọ́kọ́ fi sítẹ́ǹtì sí. Ṣùgbọ́n ní ti ikú láàárín ọdún mẹ́ta, ìyàtọ̀ kò tó nǹkan. Àpò ni sítẹ́ǹtì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ikú. Kí ni ìdílé kan yóò wá rí wí, tí ó torí ìtìjú àpò kọ iṣẹ́ abẹ níbi tí kò sí sítẹ́ǹtì? Ọ̀pọ̀ irú àpò bẹ́ẹ̀ ni a tún máa ń mú kúrò nígbà tó bá yá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Kánò, Jọ́ọ̀sì àti Kàdúná gidigidi. Ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí láti ọdún dé ọdún lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹni tí ikùn rẹ̀ wú, tí kò lè yàgbẹ́, tí kò sì lè só mọ́, kì í ṣe ẹni tí à ń fún ní àgbo. Àgbo tó ń ti ìgbẹ́ síwájú nígbà tí iwájú ti dí lè mú kí ìfun bẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tí à ń gbé wọ mọ́tò alẹ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ẹdẹ nítorí pé ilé ni ilé ń jẹ́. Ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ, tó sì sún mọ́ ọn jù lọ, ni kí wọ́n gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ Háúsá nìkan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.