Ẹ Má Ṣe É Ní Dáírẹ́ẹ̀tì Mọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kó kúrò lẹ́nu àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, a ò sì ní fi epo bọyọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni "dáírẹ́ẹ̀tì". Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ. Éésì ọkọ̀ ò tutù mọ́, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ ò gbọ́ràn. Rìwáyà á tú ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, á yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kan, á ní: "Ọ̀gá, páńẹ́lì yín ti kú. Ṣé kí n kúkú bá yín ṣe é ní dáírẹ́ẹ̀tì?" Ọ̀gá á ní kò burú. Rìwáyà á fa wáyà kan láti ara bátìrì, á gbé e gba inú súìṣì kékeré kan, á so ó mọ́ kọ̀mprẹ́sọ̀. Afẹ́fẹ́ tútù á fẹ́. Inú gbogbo èèyàn á dùn. Tiwa ò dùn o.

Ohun tí a wá sọ kò gùn: dáírẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àtúnṣe. Ẹni tó ṣe éésì ní dáírẹ́ẹ̀tì kò mọ ohun tó ṣe éésì, kò sì fẹ́ mọ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Dáírẹ́ẹ̀tì tún ní àbúrò kan tó máa ń wọ kóòtù àti táì. Orúkọ tiẹ̀ ni "ẹ lọ ra páńẹ́lì mìíràn". Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń gbé ẹ̀bá títì, èkejì ń gbé inú ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì, ṣùgbọ́n nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó fẹ́ ṣí páńẹ́lì wo inú rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dà bí àròsọ, ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Honda NSX ni. Kì í ṣe ọkọ̀ tí ẹ máa rí ní Ọ̀jọ̀ọ́ tàbí Ìyànà Ìpájà lójoojúmọ́, a mọ̀. Ohun tó jẹ́ ká mú un ni pé àìsàn éésì tiẹ̀ ti di mímọ̀ fún àwọn tó ní i, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà wò ó sàn hàn kedere.

Ọkọ̀ eré sísá tí wọ́n ṣe ní Jàpáànù ni NSX. Honda kọ́kọ́ gbé e jáde fún aráyé wò ní Chicago ní 1989, ó bọ́ sọ́jà ní 1990, wọn ò sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró títí di 2005. Ní Amẹ́ríkà, Acura ló ń jẹ́. Òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́pọ̀ tí gbogbo egungun àti ara rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó gan-an, bíi kí èèyàn pọn iná sẹ́yìn. Ayrton Senna, awakọ̀ ìdíje ọmọ Bràsíl tí gbogbo ayé mọ̀, wà lára àwọn tó wà á wò nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n mú ara ọkọ̀ náà le sí i. Wọ́n gbọ́ tiẹ̀.

Bó ṣe dára tó yẹn náà, ó ní ibi tó ti ń ṣàìsàn. Páńẹ́lì éésì rẹ̀ ni. Ó wọ́pọ̀ gan-an lára àwọn NSX tó ti dàgbà pé kí fáànù máa fẹ́ ní agbára kan ṣoṣo, kò gbọ́ lọ sókè, kò gbọ́ wá sílẹ̀. Nígbà míì, iná ojú páńẹ́lì á máa ṣẹ́jú tàbí kó ṣú. Nígbà míì, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì títí ìka á fi dùn yín, ooru ni yóò máa fẹ́ sí yín lójú. Ẹni tó bá wò ó láti ìta á ní páńẹ́lì ti kú.

Kò kú. Kapásítọ̀ ló jò. Kí ni kapásítọ̀? Ẹ wò ó bí ìkòkò omi kékeré tó wà lójú ọ̀nà. Iná tó ń wọlé kì í dúró sójú kan, ó ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀. Kapásítọ̀ á gba èyí tó pọ̀ jù sínú, á sì tú u jáde nígbà tí iná bá dínkù, kí àwọn nǹkan ẹlẹgẹ́ tó wà níwájú lè rí iná tó parọ́rọ́ lò. Irú èyí tí à ń wí yìí, bébà alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni wọ́n ká pọ̀ mọ́ bébà tí wọ́n rẹ sínú omi kẹ́míkà, wọ́n wá fi rọ́bà dé e nídìí. Ooru àti ọjọ́ orí ni ọ̀tá rọ́bà yẹn. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, omi inú á yọ́ jáde, á ṣàn sórí bọ́ọ̀dù, á sì máa jẹ kọ́pà tó jẹ́ ojú ọ̀nà iná, bí àgbàrá ṣe ń jẹ ojú títì. Iná á dé ibi tí ọ̀nà ti já, á dúró síbẹ̀. Gbogbo àìsàn náà nìyẹn.

Kì í sì í ṣe NSX nìkan ló ń dààmú. Àwọn tó fẹ́ràn géèmù àtijọ́ mọ Game Gear tí Sega gbé jáde ní 1990. Kapásítọ̀ tó ń jò ló sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di aláìlóhùn. Àwọn tó ní Mitsubishi Eclipse ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí ìgbà yẹn mọ̀ ọ́n pẹ̀lú, nítorí inú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì wọn ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà kan náà, irú kapásítọ̀ kan náà, àìsàn kan náà.

Báwo ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń tún un ṣe? Wọn ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan páńẹ́lì rárá. Wọ́n á yẹ fúùsì wò, wọ́n á wò bóyá gáàsì wà, wọ́n á wo fáànù fúnra rẹ̀ àti ohun tó ń fún un níná. Tí ọ̀rọ̀ bá wá kan páńẹ́lì, wọ́n á tú orí bátìrì, wọ́n á yọ páńẹ́lì, wọ́n á ṣí i. Wọ́n á yọ àwọn kapásítọ̀ àtijọ́ pẹ̀lú ìṣọ́ra, torí kọ́pà tí omi kẹ́míkà ti jẹ lè bá wọn ṣí dànù. Wọ́n á fi spírítì fọ bọ́ọ̀dù mọ́. Wọ́n á mú mítà, wọ́n á máa yẹ ojú ọ̀nà iná wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti já, wọ́n á fi wáyà tín-ín-rín so ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi lẹ́ẹ̀dì jó kapásítọ̀ tuntun mọ́ ọn, pẹ̀lú ìwọ̀n tó bá ti àtijọ́ mu, kí ojú pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù má sì ṣe yí padà, torí èyí tí wọ́n bá gbé yípo lè bẹ́. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni kapásítọ̀. Ojú tó ń wò ó àti àkókò ló wọ́n.

Ẹ wá wo ẹni tó ní òun ò lè dúró, tó lọ ra páńẹ́lì tí wọ́n yọ lára NSX mìíràn. Ọjọ́ orí kan náà ni páńẹ́lì méjèèjì. Kapásítọ̀ inú wọn, ìgbà kan náà ni wọ́n ṣe é. Àìsàn kan náà ló rà, ọjọ́ tó máa dùbúlẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sáré lọ sí Ládípọ̀ lọ ra páńẹ́lì tòkunbọ̀ fún ọkọ̀ tó ti lé lógún ọdún, ọ̀rọ̀ yìí bá yín wí. Wọ́n lè fi bátìrì dán an wò lójú yín kó tàn yanran. Ohun tó ń tàn lónìí kò sọ fún yín bí rọ́bà inú rẹ̀ ṣe wà.

Dáírẹ́ẹ̀tì ló wá burú jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò ni pé bọ́tìnnì ojú páńẹ́lì kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Sẹ́nsọ̀ kan wà lára evaporétọ̀, irin tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kó tó tutù. Tí òtútù bá ti fẹ́ pọ̀ jù, sẹ́nsọ̀ á ké sí páńẹ́lì, wọ́n á dá kọ̀mprẹ́sọ̀ dúró. Súìṣì kan tún wà lójú ọ̀nà gáàsì. Tí gáàsì bá ti jò tán, tàbí tí agbára rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, òun náà á dá kọ̀mprẹ́sọ̀ dúró. Ìdí ni pé inú gáàsì ni òróró kọ̀mprẹ́sọ̀ ń bá rìn. Tí gáàsì bá lọ, òróró ò rìn mọ́. Ẹni tó fa wáyà láti bátìrì lọ sí kọ̀mprẹ́sọ̀ ti di gbogbo wọn lẹ́nu. Yìnyín á bo evaporétọ̀, afẹ́fẹ́ ò ní rí ọ̀nà gbà. Kọ̀mprẹ́sọ̀ á máa yí gbẹrẹfu títí tó fi máa jẹ ara rẹ̀ tán. Tí wáyà náà ò bá wá ní fúùsì, tó fara kan irin níbì kan, iná ló máa sọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

A mọ ohun tí wọ́n máa fi dá wa lóhùn. Rìwáyà á ní: "Oníbàárà ò fẹ́ sanwó fún wíwò. Ohun tó bá fojú rí ló ń sanwó fún." Òótọ́ ni, ẹ̀yin oníbàárà, ẹ̀yin lẹ sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ń sanwó páńẹ́lì láìjanpata, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá fi wákàtí mẹ́ta wá ibi tí ọ̀nà iná ti já, ẹ máa ní, "Ṣebí wáyà kékeré kan ló fi sí i." Wáyà kékeré yẹn kọ́ lẹ ń sanwó fún. Mímọ̀ tó mọ ibi tó yẹ kó fi sí lẹ ń sanwó fún.

Ẹlòmíràn á ní kò sówó, kí á jẹ́ kóun fi dáírẹ́ẹ̀tì rọ́ra. Tí kò bá sówó, ẹ pa éésì, ẹ yí gíláàsì wálẹ̀, kí ẹ máa fi atẹ́gùn Ọlọ́run rìn títí owó á fi dé. Éésì tí wọ́n pa kò jó ọkọ̀ rí.

Ẹ̀kẹta ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù: "Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ò jẹ́ ká rí ìwé tó ṣàlàyé bí wáyà ṣe lọ." Àwa náà gbà. Ta ló kọ́ mẹkáníìkì ní "pààrọ̀ gbogbo rẹ̀" bí kì í bá ṣe ilé iṣẹ́ tó ń ta páńẹ́lì lódidi, tí kì í ta ohun inú rẹ̀? Ṣùgbọ́n àwọn kan ò káwọ́ gbera. Ní 2012, àwọn ará ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà dìbò pé dandan ni kí mẹkáníìkì aládàáni lè rí irú ìmọ̀ àti irinṣẹ́ àyẹ̀wò rà tí àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń lò. Honda fúnra rẹ̀ dá ètò kan sílẹ̀ ní Jàpáànù ní 1993, tí wọ́n pè ní NSX Refresh Plan, tí wọ́n fi ń gba NSX tó ti dàgbà wọlé, tí wọ́n ń tú u, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ dọ̀tun fún olówó rẹ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ pé ó ṣeé tún ṣe. Kí ló dé tó jẹ́ pé àwa la máa ń kọ́kọ́ ní ó ti kú?

Ìbéèrè yìí ló jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ wá síbí, níbi tí wọ́n ti ń kọ Yorùbá. Ẹ gbọ́ ohun tí à ń sọ lójú iṣẹ́: "ó ti kú", "ó ti jóná", "ó ti kọṣẹ́". Òkú nìkan là ń kà. Ibo ni "ó jò" wà? Ibo ni "ọ̀nà rẹ̀ já ní ibí" wà? Èdè wa ò ṣaláìní in. Àwọn tó ni èdè yìí máa ń fi okùn rán igbá tó fọ́, wọ́n sì sọ ọ́ dòwe pé igbá tó fọ́ ló ń gba kasẹ létí. Wọn ò ní igbá ti kú.

Ọmọ iṣẹ́ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lónìí, tó ń gbé iná tọ́ọ̀ṣì fún un, ló ká wa lára jù. Ohun tó ń rí ló ń kọ́. Tó bá jẹ́ dáírẹ́ẹ̀tì ló rí títí wọ́n fi ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un, dáírẹ́ẹ̀tì náà ni yóò kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tiẹ̀. Láàárín ìran méjì péré, a máa ní àwọn rìwáyà tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé wáyà, tí kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí wáyà ń sọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ ra mítà kẹ́ ẹ tó ra fóònù tuntun. Ẹ̀yin rìwáyà, ẹ sọ owó wíwò lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, kí ojú má tì yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ Yorùbá, ẹ bá wọn kọ bí wọ́n ṣe ń tú páńẹ́lì sílẹ̀, kó yé ọmọ tí kò lọ yunifásítì. Ẹ̀yin olówó ọkọ̀, tẹ́nì kan bá ní kóun bá yín ṣe é ní dáírẹ́ẹ̀tì, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ló ṣe é?" Tí kò bá lè dáhùn, ẹ má tíì sanwó.