Iṣẹ́ Ni Dídán Áàpù Wò

Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í fa ọkọ̀ lé dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́ láì kọ́kọ́ wà á wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni áàpù orí fóònù. Láti November 2023 ni Google ti là á sílẹ̀ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì lórúkọ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ènìyàn 20 tí yóò fi ọjọ́ 14 dán áàpù rẹ̀ wò, kó tó gbé e sórí Play Store. Ní December 2024, wọ́n dín in kù sí ènìyàn 12.

Bí ọ̀dọ́ Ilé-Ogbó kan bá fi irú rẹ̀ lọ̀ wá, ẹ jẹ́ ká ràn án lọ́wọ́. Ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ní kí òṣìṣẹ́ fi fóònù ara rẹ̀ dán áàpù iléeṣẹ́ wò, iṣẹ́ nìyẹn. Àkókò ń lọ, dátà ń jó. Ní January 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ta ni yóò san án? Àwa ní ẹni tó ni iṣẹ́ ni.

Ẹ má ṣe tẹ nọ́ńbà àṣírí báńkì yín sínú áàpù tí kò tíì pé. Bó bá dẹnu kọlẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ tẹ̀ àti ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ó má baà já awakọ̀ mìíràn kulẹ̀ lójú ọ̀nà Ìwó lọ́la.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa!