Àlàfo Inú Ìwé Ìlera: Ta Ni Kò Sí Níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi Ugbolokposo ṣe àpẹẹrẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Uvwie, nítòsí Warri. Kí a sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera kan ń kọ ìwọ̀n àwọn ọmọ tuntun ibẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí a bí sí ilé ìwòsàn, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n. Èyí tí a bí sílé, tàbí lọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀, lè má fojú kan òṣùwọ̀n rárá. Àyè rẹ̀ nínú ìwé yóò ṣófo.

Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò kéré. Ìwádìí NDHS ti ọdún 2018, tí àjọ tó ń rí sí ètò ìkànìyàn ṣe, fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí a bí ní Nàìjíríà láàrin ọdún márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀, 39 péré ni a bí sí ilé ìwòsàn.

Wàyí o, bí a bá ní kí SPSS, Stata tàbí R wo bóyá ọjọ́ orí ìyá kan ìwọ̀n ọmọ, ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe, bí a kò bá pàṣẹ mìíràn, ni pé wọ́n á yọ gbogbo ìlà tí àlàfo bá wà nínú rẹ̀ kúrò. Ìyá náà, ọjọ́ orí rẹ̀, iye ọmọ tó ti bí, gbogbo rẹ̀ á bá àlàfo kan ṣoṣo lọ. Aláṣẹ tó bá ka èsì náà lè rò pé àwọn ọmọ ibẹ̀ sanra dáadáa, kò sì ní rán nọ́ọ̀sì lọ síbi tí wọ́n ti nílò rẹ̀ jù.

Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀, ọ̀rọ̀ "sọnù" tí a fi ń túmọ̀ irú àlàfo yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó sọnù ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan rí. Ìwọ̀n ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n kò sọnù. A kò wá a ni.

Ìwé tí Donald Rubin, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, kọ ní ọdún 1976 ló fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ fún pípín àlàfo sí ẹ̀yà mẹ́ta. Èkínní ṣèèṣì ni, bí ìgbà tí omi dà sórí ojú ìwé. Èkejì, ohun mìíràn tí a ti kọ sílẹ̀ lè ṣàlàyé rẹ̀, bí ibi tí a ti bí ọmọ. Ẹ̀kẹta ló le jù: ohun tí a kò kọ náà gan-an ló fà á, bí ìgbà tí ìyá fi ọmọ pamọ́ sílé nítorí pé ó kéré jù.

Nínú Stata, àṣẹ misstable patterns máa ń fi àwọn àyè tó jọ ń ṣófo hàn. Nínú R, md.pattern tó wà nínú mice ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo àtẹ yìí kí a tó ṣírò ohunkóhun. Bí ìwọ̀n ọmọ àti orúkọ ilé ìwòsàn bá jọ ń ṣófo, kì í ṣe èèṣì. Ṣùgbọ́n àtẹ kò lè dá ẹ̀yà kẹta mọ̀. Agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ló lè sọ ọ́, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ gbé òṣùwọ̀n lọ́wọ́ lọ bá a nílé.