Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dá ní Ìlú Ọba

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí a bá fi òwe yìí wo ọwọ́ tí ìjọba Ìlú Ọba fi ń mú àwọn ọmọ àjèjì tó ń dàgbà lábẹ́ rẹ̀, a ó rí i pé ìkà ni, ìwé òfin ni wọ́n kàn fi bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú adájọ́, ìjọba a máa rán òṣìṣẹ́ tirẹ̀ wá rojọ́, owó-orí ará ìlú ni wọ́n sì fi ń san owó oṣù rẹ̀. Ọmọ àjèjì tí kò lówó lọ́wọ́ a dá dúró. Lẹ́yìn èyí, wọn a ní àwọn ti gbọ́ tẹnu tọ̀tún tòsì. Irọ́ ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí: ẹ̀tọ́ tí ọmọ kò mọ̀ pé òun ní, tí kò sì rí agbẹjọ́rò bá a gbà, kì í ṣe ẹ̀tọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ ara wa wò. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ló bímọ síbẹ̀. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, ọmọ tí a bá ti bí sórí ilẹ̀ wọn di ọmọ orílẹ̀-èdè wọn lójú ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti wọ̀ wá lọ́kàn pé ìbí ti tó. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1981, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, yí gbogbo rẹ̀ padà. Láti ọjọ́ náà, a lè bí ọmọ sí àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù kí ó má sì jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà, bí kò bá sí òbí rẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tàbí tó ní àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí láé. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, síbẹ̀ ìgbàgbọ́ àtijọ́ kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn òbí.

Èdè wa gan-an ń bá wọn gbé ìgbàgbọ́ náà ró. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ìwé", ni a fi ń pe ohun márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìwé ìrìnnà, àṣẹ ìgbélùú onígbà díẹ̀, àṣẹ ìgbélùú títí láé, àti ipò ọmọ orílẹ̀-èdè. Ìyá yóò ní, "Ọmọ mi ní ìwé," ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí sì ni ó ń tọ́ka sí. Kò purọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ kọ́ ni òfin ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí á fi tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n láti Ìbàdàn lọ sí Peckham nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ibẹ̀ ni wọ́n bí àbúrò sí. Àwọn òbí wọn kò ní àṣẹ ìgbélùú títí láé. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń sùn, ilé-ìwé kan náà ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n òfin wọn kò papọ̀. Bí àbúrò bá lo ọdún 10 àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, tí kò sì fi ìlú sílẹ̀ ju 90 ọjọ́ lọ nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n àfi kí ó béèrè; ẹ̀tọ́ náà kì í wá fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. A lè bẹ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé pé kí ó fi ojúure gbà á, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ náà tó pé ọdún 18. Bí ó bá ti pé e, ilẹ̀kùn yẹn ti tì. Ta ni yóò sọ èyí fún wọn? Olùkọ́ wọn kò mọ̀ ọ́n. Bàbá wọn ń bẹ̀rù, ó sì ti kìlọ̀ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ilé kì í jáde.

Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn bá ń lọ sí yunifásítì ni àṣírí máa ń tú. Ìjọba kò ní yá wọn lówó ilé-ẹ̀kọ́. Wọn kò lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin. Wọn kò lè háyà yàrá ní England, nítorí onílé gbọ́dọ̀ yẹ àṣẹ ìgbélùú ayálégbé wò. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò kàwé, kì í sì í ṣe pé ó hùwà ọ̀daràn. Fọ́ọ̀mù kan tí ẹnikẹ́ni kò bá a kọ ló sọ ọ́ di aláìnílé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, ìjọba gé ìrànwọ́ owó agbẹjọ́rò kúrò lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹjọ́ ìgbélùú tí kì í ṣe ti ìsádi. Àlàyé wọn ni pé àwọn ènìyàn lè máa rojọ́ fúnra wọn. Àwọn òfin ìgbélùú náà sì lé ní 1,000 ojú-ìwé. Ní ọdún 2013 yẹn kan náà, Adájọ́ Jackson ti ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wí pé àwọn ọba Byzantium àtijọ́ pàápàá ìbá jowú dídíjú òfin náà. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, onílé náà kò ríran. Ohun tó ṣòro fún adájọ́, ṣé ọmọ ọdún 17 ni a ó wá ní kí ó tú u?

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí agbẹjọ́rò bá wà. Ní ọdún 2015, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ti Sáḿbíà wá láti ọmọ ọdún mẹ́fà pe ìjọba lẹ́jọ́ títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ lórí owó ìyáwó ilé-ẹ̀kọ́, ó sì jàre. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìlànà yí padà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀ sì gba ibẹ̀ wọ yunifásítì. Ní ọdún 2018, pọ́ùn 1,012 ni Home Office ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ orí ìwé náà kò ná wọn ju 372 lọ. Ẹgbẹ́ PRCBC gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́. Lóòótọ́, wọ́n pàdánù ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n ní ọdún náà kan náà ni ìjọba gbà pé kí ọmọ tí kò lówó má san án mọ́. Ẹjọ́ tí a pàdánù pàápàá ń so èso.

Àwọn kan yóò wí pé àwọn arúfin ni a ń fi owó ìlú gbè. Ọmọ ọdún mẹ́ta wo ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú fúnra rẹ̀? Bí owó ìlú bá tó san owó oṣù ẹni tí yóò rojọ́ ta kò ó, ó yẹ kí ó tó san ti ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún un. Àwọn tiwa náà ní àwáwí. Wọn a ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe náà dára láàárín ẹbí; kò sí ẹni tó ń bá Home Office ṣọ̀rẹ́. Ẹni tó sì sá fún agbẹjọ́rò gidi kì í pẹ́ bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀ tó ń pe ara rẹ̀ ní amọ̀fin ní ẹ̀yìn ìsọ̀. Láti ọdún 1999 ni òfin wọn ti sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí kò níwèé àṣẹ máa gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìgbélùú, síbẹ̀ àwọn ènìyàn wa ń kówó fún wọn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, wọ́n dá ìrànwọ́ náà padà fún ọmọ tó wà níbẹ̀ láìsí òbí tàbí alágbàtọ́. Ìyẹn kò tó. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wa ń gbé lọ́dọ̀ òbí wọn, nítorí náà kò kàn wọ́n. Wọ́n ní kí irú wọn wá tọrọ ìrànwọ́ àkànṣe, ìtọrọ yẹn pàápàá sì ń fẹ́ agbẹjọ́rò. Ohun tó tọ́ ni kí gbogbo ọmọ àti ọ̀dọ́ tí kò lówó ní agbẹjọ́rò, ìbáà wà lọ́dọ̀ òbí, ìbáà má wà.

Iṣẹ́ tiwa náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 1991, àwọn onímọ̀ ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ilé-aṣòfin ní Hausa, Ìgbò àti Yorùbá kí àwọn aṣòfin lè rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ tó wà ní Peckham ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á fún ohun márùn-ún tí à ń pè ní "ìwé" ní orúkọ márùn-ún tí kò ní rújú, kí á sì kọ́ àwọn òbí ní àwọn ilé-ìwé Yorùbá òpin ọ̀sẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Ìwé wo ni ọmọ yín ní? Ọmọ ọdún mélòó ni?" Bí ọmọ náà bá ti pé ọdún 17, kí ó mú wọn lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an.